Ti Àwọn Sukúútà àti Alùpùpù Kékeré: Èwo Ni Ó Yẹ Ọ̀nà Wa?

Nígbà tí a bá ta kòkó tán, tí a sì ti san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, bí owó díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ baálé ilé a máa rò ó láti ra ohun ìrìnnà kan tí yóò máa gbé òun lọ sí oko, sí ọjà àti sí ilé ìsìn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ́n ju agbára púpọ̀ nínú wa lọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere dára, ṣùgbọ́n ó ń rẹ ni lẹ́sẹ̀ bí ọ̀nà bá jìn tàbí bí òkè bá pọ̀. Nítorí náà alùpùpù kékeré ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò.

Bí ẹni tí ń fẹ́ rà bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà, ìbéèrè kan ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: "Báwo ni ó ti lè sáré tó?" Òǹtajà a sì fi ìka tọ́ka sí nọ́ḿbà tí ó tóbi jù lọ lójú aago ìsáré rẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣíwájú rẹ̀: èkínní, bí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà ti tóbi tó, èkejì, ibi tí ìwúwo rẹ̀ wà, ẹ̀kẹta, bí ìjánu rẹ̀ ti ń mú un dúró. Láti inú ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni ìyàtọ̀ ti ń jáde láàrín ẹni tí ó gun ẹ̀rọ rẹ̀ dé ilé àti ẹni tí a gbé dé ilé.

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa jẹ́ ti ẹnu lásán, a ó mú ẹ̀rọ mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀, a ó sì fi wọ́n wé ara wọn: Vespa àti Lambretta ti ilẹ̀ Ítálì, àti Honda Super Cub ti ilẹ̀ Jàpáànì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dé ayé, ìwà wọn kò sì pamọ́. Lẹ́yìn wọn, a ó wo irú sukúútà tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, tí ó wọ́pọ̀ ní ìgboro lónìí. Ẹni tí ó bá mọ ìwà àwọn mẹ́rin wọ̀nyí yóò lè mọ ìwà púpọ̀ nínú àwọn tí ó kù, nítorí pé ìran wọn ni wọ́n í ṣe.

1. VESPA, ÈYÍ TÍ Í ṢE AGBỌ́N

Ní ìlú Pontedera ní ilẹ̀ Ítálì ni ilé iṣẹ́ Piaggio wà, tí ó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní àkókò ogun ńlá kejì. Bọ́ǹbù ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́. Nígbà tí ogun sì parí ní 1945, iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kò sí mọ́. Enrico Piaggio, olórí rẹ̀, wá ohun tí àwọn ènìyàn ìlú rẹ̀ lè fi rìn láìná owó púpọ̀. Ó gbé iṣẹ́ náà lé Corradino D'Ascanio lọ́wọ́, onímọ̀ ẹ̀rọ òfuurufú tí kò fẹ́ràn alùpùpù rárá, nítorí pé alùpùpù ń ta òróró sí ni láṣọ, àti pé wàhálà ni láti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá jò lójú ọ̀nà.

Ní 1946 ni Vespa àkọ́kọ́ jáde. D'Ascanio mú ṣéènì kúrò. Ó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an. Ó fi irin pẹlẹbẹ bo ara rẹ̀ kí òróró àti ẹrẹ̀ má bàa ta sí aṣọ. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú kọ́ sí apá kan ṣoṣo, bí a ti ń ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú, kí ènìyàn lè tú u bí ẹni tú ẹsẹ̀ mọ́tò. Ó fi ibi ìfẹsẹ̀lé pẹrẹsẹ sílẹ̀ níwájú, tí ó fi jẹ́ pé obìnrin tí ó ró ìró àti ọkùnrin tí ó wọ agbádá lè jókòó lórí rẹ̀ láìká aṣọ sókè. Wọ́n ní nígbà tí Piaggio rí ìbàdí rẹ̀ tínínrín àti ìdí rẹ̀ ńlá, tí ó sì gbọ́ bí ó ti ń kùn, ó ní ó jọ agbọ́n. Vespa ni àwọn ará Ítálì ń pe agbọ́n. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ jẹ́ 98 cc, agbára rẹ̀ lé díẹ̀ ní agbára ẹṣin 3, ó sì lè sáré tó kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 125 àti 150 dé. Ní 1977 ni irú PX jáde, tí ó ní jíà mẹ́rin.

Ní ti ìwà rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìhà ọ̀tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Vespa wà. Ẹni tí ó bá ti so agbè ẹmu kọ́ èjìká kan láìsí òmíràn ní èjìká kejì mọ ohun tí èyí jẹ́. Àwọn tí ń ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú PX, ìhà òsì ni wọ́n fi ẹsẹ̀ àfikún sí, tí ó ń bá a gbé díẹ̀ nínú ìwúwo náà. Bí ènìyàn bá ti gùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ a mọ́ ọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ẹ̀yìn Vespa wúwo, iwájú rẹ̀ sì fúyẹ́. Nínú ìgboro, èyí ni ó jẹ́ kí ó rọrùn láti yí kiri láàrín èrò. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ènìyàn sẹ́yìn, tí a sì di ẹrù lé e, tí a wá ń gun òkè, iwájú a fúyẹ́ jù, a sì dà bí ẹni pé kò gbọ́ ti ẹni tí ń darí rẹ̀ mọ́.

2. LAMBRETTA

Ní 1947, ọdún kan lẹ́yìn Vespa, Ferdinando Innocenti gbé Lambretta jáde ní ìlú Milan. Orúkọ Lambrate, àdúgbò tí ilé iṣẹ́ náà wà, ni ó mú sọ ọ́. Ọ̀pá irin oníhò ni ilé iṣẹ́ Innocenti ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ọ̀pá irin ni wọ́n fi ṣe egungun ẹ̀rọ náà, nígbà tí ó jẹ́ pé irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ni ó gbé gbogbo ara Vespa ró.

Ẹ́ńjìnnì Lambretta wà láàrín, lábẹ́ ẹni tí ń gùn ún, níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó gùn díẹ̀ ju Vespa lọ. Li 150, tí ó jáde ní 1958, wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 105. Nítorí náà, lórí ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gùn tí ó sì tẹ́jú, Lambretta ń fi ọkàn ẹni balẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kọjá kì í tètè gbọ̀n ọ́n. Ní ibi tí ọ̀nà bá ti há tí ó sì ń yí kiri, ó ń béèrè agbára ọwọ́ sí i. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bàjẹ́, mẹkáníìkì a pẹ́ lórí rẹ̀ ju ti Vespa lọ, nítorí pé ṣéènì kan wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì Li tí Vespa kò ní.

Ìtàn Lambretta kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn pẹ̀lú. Ní 1971 ni Innocenti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ìjọba Íńdíà ra àwọn irinṣẹ́ náà lọ sí ìlú Lucknow, wọ́n sì ń ṣe Lambretta níbẹ̀ títí di 1997. Ẹ̀rọ tí a kò ṣe mọ́, bí ó ti wù kí ó dára tó, wíwá ẹ̀yà ara rẹ̀ a máa nira ju títún un ṣe lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ní ìlú tí ó súnmọ́ ọn, kí ó sì béèrè okùn ìjánu, táyà àti púlọ́ọ̀gì irú ẹ̀rọ náà. Bí wọn kò bá ní in, kí ó fi owó rẹ̀ sí àpò.

3. HONDA SUPER CUB

Ní oṣù kẹjọ 1958, Soichiro Honda àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Takeo Fujisawa, gbé Super Cub jáde ní Jàpáànì. Sukúútà pọ́ńbélé kọ́; ó wà láàrín sukúútà àti alùpùpù. Ènìyàn lè gba iwájú fi ẹsẹ̀ kọjá lára rẹ̀ bí ti sukúútà, ó sì ní ohun tí ń gba ẹrẹ̀ níwájú ojúgun. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ga bí ti alùpùpù: íǹṣì 17 ni irin rẹ̀, nígbà tí ti Vespa àkọ́kọ́ jẹ́ 8, tí ti Lambretta Li sì jẹ́ 10.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, 49 cc péré, agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 4.5. Ìsàlẹ̀, láàrín ẹsẹ̀ méjèèjì, ni ó fi kọ́. Ẹ̀rọ náà kò tó kìlógíráàmù 60, tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin kan lè fà á jáde nínú ẹrẹ̀, ó sì lè tì í kọjá lórí afárá igi. Kò ní ohun tí à ń fi ọwọ́ òsì fà kí a tó pààrọ̀ jíà. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni à ń fi tẹ jíà. Wọ́n ní a ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà lè fi ọwọ́ kan di àwo mú, kí ó sì fi ọwọ́ kejì darí. Àwa kò gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn láti fi ọwọ́ kan gun ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n a rí i pé ẹ̀rọ tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́.

Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ó bá gbé ènìyàn méjì dé ibi òkè, àfi kí a padà sí jíà kìíní, kí a sì máa rọra lọ. Ẹni tí ó bá ń kánjú kò ní í fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi di 2017, iye tí a ti ṣe nínú ìran Super Cub ti kọjá mílíọ̀nù 100.

Ẹ kíyèsí ohun kan. Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà, tí ń ṣe alùpùpù Boxer tí ó kún ìlú àti ìletò wa, fi ìgbà kan rí ṣe Vespa ní àwọn ọdún 1960 pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Piaggio. Ó mọ ẹsẹ̀ kékeré dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń ṣe Boxer, èyí tí yóò ru ènìyàn àti ẹrù lórí ọ̀nà tí kò dára, ẹsẹ̀ íǹṣì 17 ni ó fi sí i. Èyí kì í ṣe èèṣì.

4. IRÚ TÍ Ń PÀÀRỌ̀ JÍÀ FÚNRA RẸ̀

Sukúútà tí ó pọ̀ jù lọ lónìí kò ní jíà tí a ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ pààrọ̀. Bẹ́líìtì rọ́bà kan ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ó sì ń pààrọ̀ ìyára fúnra rẹ̀ bí a bá ti ń yí ọwọ́ epo. Ìgboro Kútọnu kún fún àwọn obìnrin tí ń gun irú rẹ̀ lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́, àwọn obìnrin àti àgbàlagbà ní ìlú tiwa pẹ̀lú sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìrọ̀rùn rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹni tí ó ní in máa rántí. Ìkínní, ẹ̀yìn ni ìwúwo rẹ̀ wà bí ti Vespa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 10 tàbí 12. Ìkejì, bí a bá dá epo dúró tí ìyára rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, ẹ́ńjìnnì a jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò sì ní í bá ni dá ẹ̀rọ náà dúró mọ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìjánu nìkan ni a gbẹ́kẹ̀lé. Ìkẹta, bí omi bá wọ inú ilé bẹ́líìtì, bẹ́líìtì a máa yọ̀. Nítorí náà kò yẹ fún ẹni tí ń la odò kọjá lọ sí oko. Nígbà tí a bá ń tan iná rẹ̀, kí a fi ọwọ́ di ìjánu mú ṣinṣin. Ọmọdé tí ó bá ṣèèṣì yí ọwọ́ epo lè mú kí ó fò síwájú.

5. KÍ NI ẸSẸ̀ ŃLÁ FI SÀN JU ẸSẸ̀ KÉKERÉ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí a bá gbé táyà lé irin íǹṣì 8, gíga ẹsẹ̀ náà látòkè délẹ̀ a tó nǹkan bí íǹṣì 15. Ti 10 a tó 17. Ti 17 a tó 22. Ká sọ pé kòtò kan wà lójú ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 12, tí ó sì jìn. Ẹsẹ̀ tí ó ga ní 15 yóò rì sínú rẹ̀ ní íǹṣì 3; èyí tí ó ga ní 17 yóò rì ní íǹṣì 2 àti ààbọ̀; èyí tí ó ga ní 22 kò ní í rì tó íǹṣì 2. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ní kọ́mpáàsì àti rúlà lè yà á sórí ìwé, yóò sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Kòtò kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan fò kọjá ni ó gbé ẹlòmíràn ṣubú.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹsẹ̀ tí ó ga ní 15 ń yí ní nǹkan bí ìgbà 835 kí ó tó rin kìlómítà kan. Èyí tí ó ga ní 22 ń yí ní nǹkan bí ìgbà 570. Èyí tí ń yí jù ni táyà rẹ̀ ń tètè jẹ.

Kí a má ṣe gbàgbé ẹ̀tọ́ ẹsẹ̀ kékeré. Vespa àti Lambretta lè gbé ẹsẹ̀ àfikún lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá jò, ènìyàn a tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, a sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ Super Cub rẹ̀ bá jò ní àárín igbó yóò tì í dé ọ̀dọ̀ fọganáísà. Nítorí náà a kò wí pé ẹsẹ̀ kékeré kò dára. Ohun tí a ń wí ni pé ọ̀nà ọlọ́dà ni ilé rẹ̀. Àlejò ni ó jẹ́ lórí ọ̀nà yangí.

6. TI ẸRÙ ÀTI ẸNI Ẹ̀YÌN

Ẹrù a máa yí ìwà ẹ̀rọ padà. Ohun tí ó wúwo, kí a gbé e sí ìsàlẹ̀, kí ó sì súnmọ́ àárín. Lórí sukúútà, ẹrù díẹ̀ tí a gbé sí ibi ìfẹsẹ̀lé, tí kò dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ ìjánu, a máa fi ìwúwo kún iwájú, a sì mú kí dídarí rẹ̀ dára sí i. Ṣùgbọ́n àpò ẹ̀gẹ́ tí a gbé ga sókè lẹ́yìn ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn a máa ṣe òdì kejì rẹ̀. Kí a má ṣe fi ẹrù kọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ, nítorí pé bí ó bá ti ń mì ni yóò máa darí wa síbi tí a kò fẹ́ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kí a gbé sẹ́yìn. Kí ó súnmọ́ ẹni tí ń darí, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí a ṣe fún un, kí ìró tàbí ìborùn rẹ̀ má sì ṣe fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ táyà pẹ̀lú gbọdọ̀ bá ẹrù mu. Fún Vespa PX, afẹ́fẹ́ ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ 18 lójú òṣùwọ̀n fọganáísà; ti ẹ̀yìn jẹ́ 26 fún ẹnì kan, a sì ń mú un dé 36 fún ènìyàn méjì. Ẹni tí ó bá gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí òde pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ẹnì kan yóò rí i pé ẹ̀yìn ń jó bí ẹni tí ó ti mu ẹmu.

7. TI ÌJÁNU, YANRÌN ÀTI GẸ̀RẸ́GẸ̀RẸ́

Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ìjánu yóò fi mú ẹ̀rọ dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, bí kò ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ewúrẹ́ bá já lu ọ̀nà, kí ó tó rò ó láti tẹ ìjánu, mítà 11 náà ti lọ. Nítorí náà ni àwọn baba wa fi wí pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ojú máa wo iwájú jìnnà, kí ó má ṣe dúró sí ìdí ẹsẹ̀ iwájú.

Lórí ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gbẹ, ìjánu méjèèjì ni kí a lò papọ̀. Bí a bá ti ń dúró, ìwúwo ń lọ sí iwájú, ìjánu iwájú ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lórí yanrìn, ẹrẹ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ẹni tí ó bá fi agbára fa ìjánu iwájú ti pe ilẹ̀ wá bá ara rẹ̀. Kí a dín ìyára kù kí a tó dé ibẹ̀, kí a mú ọwọ́ dúró tààrà, kí a sì rọra fi epo díẹ̀ la ibẹ̀ kọjá. Ohun tí a bá rọra mú kì í bàjẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ni kí a bẹ̀rù jù: ó ń da eruku àti òróró ojú ọ̀nà pọ̀, ọ̀nà a sì máa yọ̀ bí ilá.

Ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibi bí òkè Èfọ̀n Alààyè, kí ó lo jíà kan náà tí ì bá fi gun ibẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá ìjánu ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn Vespa àti Lambretta àtijọ́, inú epo ni òróró tí ń fún ẹ́ńjìnnì wọn ní omi ara wà. Bí a bá dá epo dúró pátápátá fún ìgbà pípẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òróró kò ní í dé inú ẹ́ńjìnnì, ó sì lè gan. Nítorí náà kí a máa yí ọwọ́ epo díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí ẹ́ńjìnnì bá gan lójijì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò sì yí mọ́, kí a fa kílọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò tún yí, a ó sì lè rọra yà sí ẹ̀bá ọ̀nà.

8. TI EPO ÀTI ÒRÓRÓ

Super Cub ń mu epo bẹntiróòlù lásán. Òróró rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, a sì gbọdọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò tó lítà kan. Nítorí náà bí díẹ̀ bá dín nínú rẹ̀, ewu ti dé.

Fún àwọn tí ń mu epo àdàlù, ìwọ̀n kò dọ́gba. Vespa ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ń fẹ́ òróró 5 nínú 100, èyí tí í ṣe mílílítà 250 sínú epo lítà 5. Lambretta Li ń fẹ́ 4 nínú 100, mílílítà 200. Vespa tí ó dé láti nǹkan bí 1960 ń fẹ́ 2 nínú 100, mílílítà 100 péré. Bí òróró bá kéré, ẹ́ńjìnnì a gan. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín a bo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, púlọ́ọ̀gì a sì máa dọ̀tí. Kí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ ra ife òṣùwọ̀n, kí ó má ṣe fi ojú wọn òróró.

9. TI ORÍ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó lórí alùpùpù. Ní oṣù kìíní 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ìkòkò, kí wọn lè kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́. Wọ́n tan ẹ̀ṣọ́, wọn kò tan ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn kó ìwádìí púpọ̀ jọ ní 2008, wọ́n rí i pé àṣíborí tòótọ́ ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100. Kí a de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Èyí tí a kò dè yóò fò kúrò kí orí tó kan ilẹ̀. Ti ẹni ẹ̀yìn ṣe pàtàkì bí ti ẹni iwájú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, kí a má ṣe kù gìrì fà á dìde. Bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, kí orí àti ara rẹ̀ wà ní tààrà títí a ó fi gbé e. Bí ó bá dákú, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, tàbí bí ó bá ń bì tí ó sì ń ṣe rádaràda, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ wí pé ara òun ti le.

10. ÈWO NI KÍ A RÀ?

Olùkọ́ tàbí oníṣòwò tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ títì ọlọ́dà nínú ìgboro lè ra sukúútà oníjíà tàbí èyí tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, yóò sì gbádùn rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń gba ọ̀nà yangí, tí ń la ẹrẹ̀ kọjá, tí ó sì ń gbé ẹrù, ẹsẹ̀ 17 ni kí ó wá, ì báà jẹ́ ti ìran Super Cub tàbí alùpùpù tí ó tóbi jù ú lọ. Ẹni tí ó bá jogún Vespa tàbí Lambretta àtijọ́, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì fi sí ọ̀nà tí ó tẹ́jú.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ ṣe ìdánwò mẹ́rin yìí. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà dúró lórí ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀, kí ẹ yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ń mì sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ bí ìrìn ẹsẹ̀ fún ogún ìṣísẹ̀. Èyí tí kò lè rìn tààrà ní jẹ́jẹ́ kò ní í tọ́ ní eré. Ẹ fa ìjánu kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ wo bí ó ti ń dúró. Ní ìkẹyìn, ẹ gbé ẹni tí ẹ ó máa gbé lójoojúmọ́ sẹ́yìn, kí ẹ sì gun òkè kan pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìyàwó yín bá sọ̀ kalẹ̀ tí ó wí pé ẹ̀rù ba òun, ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ju ti òǹtajà lọ.